Ẹ Gbé Ìkòkò Náà Wò Kí Ẹ Tó Ná An

Ní ọdọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀nà ọlọ́dà tí ó ti Ìdáàṣà wọ Savalou a máa kún fún ọkọ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí iṣẹ́ gbé lọ sí Kútọnu, sí Àjàṣẹ́ àti sí Nàìjíríà ń padà wálé fún ọdún iṣu tí a ń ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù náà. Ilé wo ni kì í gbé iṣu kaná lọ́jọ́ náà? Ìyáálé wo ni kì í ka àlejò rẹ̀ lórí ìka, kí ó tó wo ìkòkò tí ó wà nílẹ̀ bóyá yóò tó gbogbo wọn? Àsìkò yìí gan-an ni àwọn oníkòkò máa ń to ọjà wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí ńlá gbé kékeré sínú, tí oòrùn ń ta sí wọn lára tí wọ́n ń dán yinrin, tí ẹnu àwọn tí ń tà á kò sì sinmi lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ẹ̀dínwó.

Ní Bantè, ìgbà mìíràn tún wà. Bí owó kajú bá ti wọlé, àwọn òbí tí ọmọbìnrin wọn ń múra àtilọ sílé ọkọ a bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹrù ìyàwó díẹ̀díẹ̀: abọ́, agbada, ìkòkò, àwo tánganran. A ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sétígbọ̀ọ́ àwọn àna. A gbọ́ tí wọ́n ka ìkòkò dé ogún, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. A kò rí ẹni tí ó gbé ọ̀kankan nínú wọn wò bóyá ó wúwo. Nígbà tí a tún dé ilé ìyàwó náà ní ọdún kejì, mẹ́ta péré ni ó kù tí ó ṣeé gbé kaná. Àwọn yòókù ti di ohun tí adìyẹ ń mu omi nínú rẹ̀.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ìkòkò wà lára ohun tí owó ilé tuntun máa ń bá lọ láìsí ẹni tí ó ṣírò rẹ̀, òun náà sì ni ó lè gbé ohun tí kò yẹ wọ inú ọmọdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún ọjà ẹ̀dínwó. Àwa náà ń rà á, a sì ń yọ̀ bí a bá rí èyí tí ó dára. Ohun tí a ń sọ ni pé ìkòkò díẹ̀ tí ó nípọn, tí a mọ oúnjẹ tí a fẹ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sè, sàn ju òkìtì ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí. Owó yín náà wà níbẹ̀, inú ìkòkò yìí náà ni ẹ sì ń jẹun.

Ohun tí ẹ̀dínwó kì í sọ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa páálí. Ọ̀pọ̀ ìkòkò tí ń ti òkè òkun wọ Kútọnu, kí wọ́n tó gòkè wá sí ọ̀dọ̀ wa, ni wọ́n ń kó pọ̀ sínú páálí kan, tí wọ́n sì kọ nọ́mbà gàdàgbà sí i lára: 10, 12, nígbà mìíràn 16. Ẹni tí ó rí 12 yóò rò pé ìkòkò méjìlá ni òun ń rà. Ẹ ṣí páálí náà. Mẹ́fà ni ìkòkò, mẹ́fà ni ọmọrí. Wọ́n ka ìdérí mọ́ ìkòkò, wọ́n sì fi àpapọ̀ rẹ̀ polówó. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ òótọ́ tán. Nínú mẹ́fà náà, méjì yóò kéré dé ibi tí ó jẹ́ pé ẹyin mẹ́ta ni ó lè gbà, ilé wo ní Bantè ni ó sì ń se oúnjẹ fún ẹni kan ṣoṣo?

Ọ̀kan nínú wa kó sí irú páálí yìí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Olùtajà náà fa ìlà pupa gba orí iye owó àtijọ́ kọjá, ó kọ tuntun sí abẹ́ rẹ̀, ó dín in kù dé ìdajì. Ará wa kò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti san iye àtijọ́ náà rí. Ó sanwó, ó gbé e délé, ó fi èyí tí ó tóbi jù se ẹ̀wà. Kí oṣù kejì tó parí, ìdí ìkòkò náà ti wú bí ikùn ọmọ tí ó jẹun yó, ó ń yí lórí iná, omi ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀wà sì ń jóná ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó padà lọ bá olùtajà. Wọ́n ní ọjà tí a bá ti gbé kaná kì í padà. Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ ni pé kò yẹ kí a bi ara wa léèrè pé èló ni wọ́n dín kù. Ìbéèrè náà ni pé èló ni ìkòkò yìí yóò ná wa ní ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan jẹ́ fráǹkì 4.000, tí ó sì bàjẹ́ láàárín ọdún kan. Ká ní èyí tí ó nípọn jẹ́ 10.000, tí ó sì lo ọdún mẹ́wàá. Èkíní ń ná wa ní 4.000 lọ́dọọdún, èkejì ń ná wa ní 1.000. Èwo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn? Síbẹ̀, ẹni tí kò ní ju 4.000 lọ lọ́wọ́ lónìí kò lè fi ìṣirò yìí ra ìkòkò. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí a ti ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n

Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n to ìkòkò sí, yálà ní ọjà Savalou, ní Bantè, ní Gouka, tàbí ní ọjà Glazoué tí gbogbo agbègbè ń ná ní Ọjọ́rú, ẹ má ṣe béèrè iye owó lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ti béèrè iye owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí owó, kò ronú lórí ìkòkò mọ́. Ẹ gbé e. Ẹ tún gbé èyí tí ó bá a tóbi dọ́gba ní ọwọ́ kejì. Ọwọ́ yóò sọ fún yín kíákíá èwo ni wọ́n ti fa irin rẹ̀ dé góńgó. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹnu rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ń rọ̀ wọnú bí agolo tòmátì, ẹ dá a padà sílẹ̀, ẹ kí olùtajà, kí ẹ sì máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e ka orí pákó tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka kan tẹ etí ẹnu rẹ̀. Ìkòkò tí ń mì jẹ̀lẹ̀njẹ̀lẹ̀ kí ó tó mọ iná, báwo ni yóò ti rí lẹ́yìn iná? Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa, pàápàá jù lọ ibi tí wọ́n lẹ ìwé mọ́. A ti rí ibi tí ìwé náà bo ojú ibi tí ó tẹ̀ wọnú. Ẹ dé e ní ọmọrí rẹ̀, kí ẹ sì yí ọmọrí náà po. Ọmọrí tí kò bá ẹnu mu ń jẹ́ kí ooru máa sá lọ, igi tàbí èédú sì ni ẹ ó fi san án. Fún ẹni tí ń se iṣu tí yóò gún, ọmọrí tí ó dé pinpin ṣe pàtàkì ju dídán lọ.

Etí ìkòkò ni ó kù. Ẹ ka ìṣó tí wọ́n fi kàn án mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti mì ín. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣó kan ṣoṣo ni ó gbé etí kan ró, omi gbígbóná yóò dà sí ẹnìkan lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀dọ̀ wa níbi tí ààrò òkúta mẹ́ta ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹ má ṣe ra ìkòkò tí etí rẹ̀ jẹ́ ike, bí ó ti wù kí ẹ̀dínwó rẹ̀ tóbi tó. Iná gáàsì ni wọ́n ṣe é fún. Ọwọ́ iná igi yóò lá etí náà, yóò yọ́, yóò sì máa rùn. Bákan náà ni ìdí pẹrẹsẹ ṣe dára fún gáàsì, tí ìdí rogodo sì jókòó dáadáa lórí òkúta mẹ́ta. Kí a tó jáde nílé ni ó yẹ kí a ti mọ irú iná tí a ní.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé ìlú ńlá kì í rántí: rírò. Ìkòkò tí a ń ro ọkà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo, nítorí pé agbára apá ni a fi ń yí ọmọ orógùn. Ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò máa bá ọmọ orógùn yí ká, a ó sì máa wá ẹni tí yóò bá wa dì í mú. Ìyàwó tuntun tí ó gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ yóò mọ ohun tí a ń sọ.

Ohun tí ojú kò lè rí

Títí dé ibí yìí, ọwọ́ àti ojú tó. Ọ̀rọ̀ tí ó kàn nísinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà jù lọ.

Ìkòkò àlùmíníọ̀mù pín sí oríṣi méjì lọ́jà wa. Ọ̀kan ni ìkòkò títẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá fi ẹ̀rọ tẹ̀ jáde láti ara páànù àlùmíníọ̀mù. Ìkejì ni ìkòkò dídà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń yọ́ tí wọ́n sì ń dà. Òun ni ó nípọn, òun ni ó wúwo, òun ni kì í bá ọmọ orógùn yí. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn tí a fún yín lókè yìí nìkan, ìkòkò dídà ni ẹ ó gbé wálé, inú yín yóò sì dùn sí i. Ó ń pẹ́ nílé gan-an ni.

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò pamọ́. Wọn a kó àjákù àlùmíníọ̀mù jọ láti ibi gbogbo: ara ẹ̀rọ ọkọ̀ àti ti alùpùpù tí ó ti kú, agolo ohun mímu, wáyà, férémù fèrèsé, ìkòkò àtijọ́ tí ó ti lu. Wọn a kó o sínú ìléru eléèédú, wọn a máa fẹ́ ẹ títí yóò fi yọ́. Àlùmíníọ̀mù ń yọ́ ní nǹkan bí 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọn a ti fi ìkòkò kan ṣe àpẹẹrẹ, wọn a tẹ yanrìn tútù mọ́ ọn nínú àti lóde, wọn a yọ àpẹẹrẹ náà kúrò, wọn a sì da irin yíyọ́ sí ààyè tí ó fi sílẹ̀. Bí ó bá tutù, wọn a fi ayùn ìdán rẹ́ ẹ lára. Ọgbọ́n yìí jinlẹ̀. Ní ọdún 1707, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Abraham Darby gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí dída ìkòkò irin sínú yanrìn, ọ̀rọ̀ ìkòkò náà sì wà lára ohun tí ó bí ilé iṣẹ́ irin ńlá ní ilẹ̀ wọn. Àwọn ọmọ wa tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí aṣọ wọn kún fún èérú, kì í ṣe ẹni tí a ń fi ojú tín-ín-rín wò.

Àmọ́, inú àjákù ni ọ̀ràn wà. Ẹni tí ó kó ara ẹ̀rọ ọkọ̀ jọ kò lè mọ gbogbo ohun tí ó so mọ́ ọn. Òjé lè wà nínú rẹ̀: láti ara bátìrì, láti ara ohun tí wọ́n fi jó irin méjì pọ̀ mọ́ra, láti ara ọ̀dà àtijọ́. Bí òjé bá ti bá àlùmíníọ̀mù yọ́ pọ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní ìtọ́wò tí a ó fi dá a mọ̀. Fífọ̀ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìkòkò yìí ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì rí i pé òjé ń ti ara rẹ̀ wọ oúnjẹ. Ní ọdún 2017, wọ́n yẹ ohun ìdáná àlùmíníọ̀mù 42 láti orílẹ̀-èdè 10 wò. Wọ́n se omi tí wọ́n fi ohun kíkan díẹ̀ sí nínú wọn fún wákàtí 2. Nínú 42, 15 ni ó yọ òjé tí ó tó maikirogíráàmù 1 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ìwọ̀n oúnjẹ kan. Maikirogíráàmù kan kéré dé ibi tí ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bà jẹ́, ó ń wọ inú egungun lọ jókòó, ara aboyún sì ni ó ti ń bọ́ sí ara ọmọ inú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ohun kíkan ni wọ́n fi dán an wò. Ohun tí ó kan ni ó ń yọ irin kúrò lára ìkòkò. Nísinsìnyí, ẹ rò ó: kí ni a kọ́kọ́ ń fún ọmọ wa bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun? Ẹ̀kọ mímu ni, èyí tí a fi ògì kíkan ṣe. Àárọ̀ àti alẹ́ ni a ń sè é, nígbà mìíràn a ó fi sílẹ̀ nínú ìkòkò náà di ọ̀sán. Àwọn àgbà ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Nínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí, ìkòkò funfun ni a ń bẹ̀rù.

Kí ni kí a ṣe? A kò ní sọ pé kí ẹ ju ìkòkò dídà tí ó wà nílé nù. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní òmíràn. Ẹ má ṣe fi se ògì. Ẹ má ṣe fi se ọbẹ̀ tòmátì tí yóò pẹ́ lórí iná, tàbí ohunkóhun tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí àjàgbọn sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ sùn nínú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti jinná, ẹ bù ú sínú abọ́ tánganran tàbí ti amọ̀. Ẹ má ṣe fi yanrìn ha inú rẹ̀ kí ó lè dán, nítorí pé bí ẹ bá ti ń ha á ni ẹ ń ṣí ara irin tuntun sílẹ̀. Iṣu tí a sè tí a sì kó jáde lójú ẹsẹ̀, omi ìwẹ̀, aṣọ tí a fẹ́ sè: fún irú ìwọ̀nyí, ewu rẹ̀ dínkù, bí kò tilẹ̀ tán fún iṣu. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tuntun lọ́wọ́ ẹni tí ń dà á, ẹ bi í ní ohun tí ó ń yọ́. Èyí tí ó ń ya bátìrì àti ara ẹ̀rọ sọ́tọ̀ ń ṣe ohun tí ó dára, ó sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kí ó lè mọ̀ pé àwa oníbàárà ń wò ó.

Kí ni a ó wá fi se ògì?

Ìkòkò amọ̀ ni ìdáhùn wa àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe nítorí pé a fẹ́ràn àtijọ́. Òun ni ìṣaasùn tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀. Bí kò bá ní ohun dídán tí wọ́n fi kùn ún nínú, kò sí ohun tí ohun kíkan yóò yọ níbẹ̀ tí ó lè bà wá lẹ́rù bíi ti òjé. Ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè yìí, Sè lókìkí fún amọ̀kòkò. Ní Nàìjíríà, Ìlọrin náà gbajúmọ̀ fún un. Ẹ fi ìka kan ara rẹ̀: bí ó bá dún gooro, ó jinná, kò sì sán. Bí ó bá dún kù, ìlà kan wà níbìkan. Ẹ bu omi sí i, kí ẹ gbé e sórí ilẹ̀ gbígbẹ fún wákàtí díẹ̀. Kí ara rẹ̀ tutù díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kán, kí ẹ dá a padà.

Tánganran tẹ̀ lé e. Irin ni inú rẹ̀, wọ́n fi ohun dídán bò ó, ohun kíkan kò sì rí irin náà fọwọ́ kàn níwọ̀n ìgbà tí ìbòrí náà bá ṣì wà. Ibi tí ẹ̀dínwó gidi wà nìyí: èyí tí ó ti ṣí díẹ̀ ní ìta tàbí ní etí, tí olùtajà fẹ́ mú kúrò níwájú rẹ̀, kò ní àléébù fún ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá ti ṣí, ẹ fi sílẹ̀. Yóò dógùn-ún, ìpáǹpá rẹ̀ yóò sì máa bọ́ sínú oúnjẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní owó díẹ̀ sí i, ẹ wo irin tí kì í dógùn-ún, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí inox. Kì í bá ohun kíkan jà. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ 18/10 sí ìdí rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé 18 nínú 100 irin náà jẹ́ chrome, 10 sì jẹ́ nickel. Irú rẹ̀ dára. Àwọn kan ń gbé òòfà kiri ọjà, wọ́n ní bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Inox kan wà tí òòfà ń fà tí ó sì ṣeé lò, wọ́n sì máa ń fi irin tí òòfà ń fà sí abẹ́ ìkòkò olówó ńlá kí ó lè bá iná mànàmáná oníòòfà mu. Ohun tí ó yẹ kí ẹ wò ni ìdí. Inox kì í tètè gba iná tàn ká ara. Àlùmíníọ̀mù ń gbé ooru káàkiri ju ú lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní mẹ́wàá. Nítorí náà, inox tí ìdí rẹ̀ kò nípọn yóò gbóná ní ojú kan, ọbẹ̀ yóò sì jóná níbẹ̀ bí ojú owó. Ìkòkò inox fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń dán ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù nínú gbogbo páálí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìkòkò irin dúdú, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ṣì wà ní ilé àwọn àgbà kan. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, ẹ rà á. Ó ń fi irin díẹ̀ kún oúnjẹ, irin náà sì wúlò fún ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Etiópíà, tí ó jáde ní 1999, rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń jẹun láti inú rẹ̀ dára ju ti àwọn tí ń jẹ nínú ti àlùmíníọ̀mù lọ. Èyí tí wọ́n ṣe ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, tí ó jáde ní 2008, kò rí èrè tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí aboyún má ṣe fi ìkòkò rọ́pò oògùn tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn.

Ní ti páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, èyí tí ilé iṣẹ́ Tefal ti Faransé ti ń tà láti ọdún 1956, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Iná igi le jù fún un, ṣíbí irin sì ń họ ọ́. Ọ̀pọ̀ tí ẹ ń rí ní orí ẹní àwọn tí ń ta ọjà tòkúnbọ̀ ni wọ́n ti họ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Agbada irin ni kí ẹ fi dín wàrà yín, kò sí páànù tí ó mọ̀ ọ́n dín jù ú lọ. Cocotte-minute tòkúnbọ̀ yàtọ̀: ẹ̀wà tí ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí èédú ń tètè jinná nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo rọ́bà ẹnu rẹ̀ bóyá ó ti gan, ẹ wo ihò kékeré tí ooru ń gbà jáde bóyá ó ṣí, kí ẹ sì béèrè ibi tí ẹ ó ti rí rọ́bà mìíràn rà kí ẹ tó sanwó. Bí wọn kò bá mọ̀, ẹ má rà á.

Ẹni tí kò ní ju 4.000 lọ

A ṣèlérí pé a ó padà sórí ọ̀rọ̀ ẹni yìí, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù nínú wa.

Kí ó má ṣe ra páálí. Kí ó ra ìkòkò kan ṣoṣo tí ó dára, kí ó sì fi ìṣaasùn amọ̀ kan tì í. Oúnjẹ méjì lè jinná nílé lẹ́ẹ̀kan náà báyìí. Kí ó béèrè ìkòkò tí ó ti sọ ọmọrí nù. Àwọn oníkòkò máa ń ní in nísàlẹ̀ òkìtì, wọn a sì dín owó rẹ̀ kù gan-an, nígbà tí ọmọrí àtijọ́ kan lè wà nílé tí yóò bá a mu. Kí ó béèrè èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Kí ó má ṣe lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún iṣu kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí ní ìgbà tí owó kajú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nítorí pé ní ìgbà wọ̀nyẹn olùtajà mọ̀ pé bí ẹnìkan kò bá rà á, ẹlòmíràn yóò rà á. Ní oṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀ tí ọjà sì dákẹ́, ẹni tí ó mú owó lọ́wọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí ó dára jù ni àjọ. Àwọn obìnrin mẹ́wàá tí wọ́n ń dá àjọ pọ̀ lè fi owó náà ra ìkòkò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ń tà fún àwọn alátùntà, kí wọ́n sì pín in. Èrè tí alátùntà ì bá jẹ yóò kù sí àpò wọn. Ohun kan ni kí wọ́n ṣọ́ra fún: kí wọ́n rán ẹni tí ó mọ ìkòkò í gbé wò, kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù.

Ẹrù ìyàwó náà ńkọ́? A ti bá àwọn ìyá kan sọ ọ́, wọ́n sì ní ojú yóò ti àwọn bí àwọn bá gbé ìkòkò márùn-ún kalẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn gbé ogún. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn, a mọ̀. A dámọ̀ràn pé kí ẹni tí ń ka ẹrù máa dárúkọ ìkòkò kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ rẹ̀: èyí ni ti ògì ọmọ, èyí ni ti iṣu, èyí ni ti ọbẹ̀, èyí ni a ó fi ro ọkà. Ní ibi kan tí wọ́n ti dán an wò lójú wa, àwọn ìyá ọkọ dìde láti gbé ìkòkò náà wò fúnra wọn, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè ibi tí wọ́n ti rà á.

Bí ẹ bá gbé ìṣaasùn amọ̀ wálé, ẹ má tíì gbé e kaná. Ẹ rì í sínú omi di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi epo pupa ra á nínú. Ẹ bu omi ìdọ̀tí gbágùúdá tàbí èérí ọkà sí i, kí ẹ gbé e sórí iná tí kò le, kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí omi náà yóò fi ki. Ẹ dà á nù, ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi tútù lù ú, yóò sán. Ní ọjọ́ kẹta ni ó tó gba ọbẹ̀.